Ọgbà Kékeré, Ọkàn Tí Ó Pinnu: Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní àti Àwọn Òbí Rẹ̀

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:1–21; 2:17–18

Ìfáàrà

Ní àkókò àjọ̀dún, àṣà wa ni láti bojú wẹ̀yìn, kí a ka orúkọ àwọn tí wọ́n kọ́ wa, kí a sì rántí àwọn tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí, iwájú ni a fẹ́ kọjú sí. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wa yóò wọ yunifásítì láìpẹ́, àwọn òbí kan nínú yín sì ti pinnu láti rán ọmọ wọn lọ sí yunifásítì kékeré tí ìjọ dá sílẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún kìíní rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé nígbà tí àwọn bá ti san owó, tí ọmọ sì ti gbé àpótí rẹ̀ wọ inú ọgbà, iṣẹ́ ti parí. Ọgbà ní odi, ó ní ẹnubodè, ó ní ilé ìsìn. Kò sí ọmọ tí yóò jáde láìgba ìwé àṣẹ. Ọkàn òbí balẹ̀. Àwa pẹ̀lú fẹ́ràn irú ọgbà bẹ́ẹ̀, nítorí inú irú rẹ̀ ni a ti tọ́ wa. Ṣùgbọ́n a ó sọ kókó ẹ̀kọ́ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ó má baà sọnù: ilé ẹ̀kọ́ lè pàṣẹ fún ẹsẹ̀ ọmọ, kò lè pàṣẹ fún ọkàn rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún kìíní ni kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun rere tí ọgbà ti yàn fún un, kí ẹnubodè tó ṣí.

1. Kékeré kì í ṣe àbùkù

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìgbàgbọ́ bí kò bẹ̀rẹ̀ ní títóbi. Ní ọdún 1827, nígbà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ kò pé mẹ́wàá. Ọmọkùnrin 6 ni CMS Grammar School fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ní ọdún 1959, akẹ́kọ̀ọ́ 7 ni ìjọ Adventist kó jọ sí Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni ó di Yunifásítì Babcock ní ọdún 1999. Orí ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ìwó ni Yunifásítì Bowen dúró sí lónìí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Yunifásítì Ajayi Crowther wà ní ọgbà St Andrew's ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó ti wà nínú ìlú náà láti ọdún 1896.

Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kékeré ń fún ọmọ ni pé a mọ̀ ọ́n. Ní gbọ̀ngàn yunifásítì ńlá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ lè jókòó síbi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo; ọmọ kan lè má wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, olùkọ́ yóò rí àga tí ó ṣófo. Àlùfáà ilé ẹ̀kọ́ yóò mọ ọmọ tí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun má ṣe kẹ́gàn èyí, àní bí àwọn ojúgbà rẹ̀ tí wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tilẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó tún padà sí.

Síbẹ̀, ojú tí ó ń ṣọ́ ọmọ yìí ní ewu tirẹ̀. Ọmọ tí a ń wò nígbà gbogbo lè kọ́ bí a ti ń ṣe ojú ayé. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

2. Dáníẹ́lì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní

Ẹ jẹ́ kí a ka orí kìíní ìwé Dáníẹ́lì bí ẹni tí ń ka ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ọba Nebukadinésárì yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ní làákàyè, ó sì fi wọ́n sí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta. A fún wọn ní èdè titun láti kọ́, ìwé titun láti kà, oúnjẹ titun láti jẹ, àti orúkọ titun láti máa jẹ́. Dáníẹ́lì, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ni adájọ́ mi, di ẹni tí a ń fi orúkọ òrìṣà Bábílónì pè. Kò sí ìyá nítòsí, kò sí bàbá, kò sí tẹ́ḿpìlì. Bí ó bá jẹ tàbí kò jẹ nínú oúnjẹ ọba, kò sí ará Jerúsálẹ́mù kan tí yóò gbọ́.

Ẹ kíyè sí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìṣẹ́gun rẹ̀. Ẹsẹ kẹjọ sọ fún wa pé nínú ọkàn rẹ̀ ni ó ti pinnu. Ìpinnu náà ti wà kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí oúnjẹ náà tó di àríyànjiyàn láàárín òun àti àwọn alábòójútó. Ohun tí ó gbé láti ilé ni ó fi dúró. Àwọn àgbà wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò kó o láti ilé, ìta kò ní in láti fi yá a.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Dáníẹ́lì kò kọ ohun gbogbo. Ó kọ́ èdè àwọn ará Kálídíà. Ó ka ìwé wọn. Ó dáhùn sí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ohun kan ni ó kọ̀, èyí tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ sọ pé yóò sọ òun di aláìmọ́. Ọgbọ́n ńlá ni èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ọmọ tí ó bá sọ gbogbo nǹkan di ogun yóò rẹ̀ kí oṣù méjì tó pé. Ọmọ tí kò sì ní ohun kan tí yóò kọ̀ láéláé yóò di ohunkóhun tí ìta bá fẹ́ kí ó dì.

3. Ìdánwò tí ó wà nínú ọgbà Kristẹni

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni kì í ṣe Bábílónì." Òtítọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro náà sì wà. Ní Bábílónì, ẹni tí ó gbàdúrà dá yàtọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ọgbà Kristẹni, gbogbo ènìyàn ni agogo ń pè sí àdúrà, nítorí náà ó ṣòro láti mọ ẹni tí ń gbàdúrà. Ọmọ lè jókòó sí ilé ìsìn fún ọdún mẹ́rin, kí a máa sàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìpè ní gbogbo ìgbà, kí ó má sì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ rí láti inú ọkàn rẹ̀ wá. Ìdánwò Bábílónì ni kí ọmọ kúrò. Ìdánwò ọgbà wa ni kí ó wà níbẹ̀ ní ti ara nìkan. Èyí ni a pè ní ojú ayé.

Nínú iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, a ti jókòó ti àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ yìí dùn dé egungun. Ọmọ wọn parí ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ láìní ẹ̀sùn kan lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ dé, agogo kankan kò lù, kò sí alábòójútó tí ó kan ilẹ̀kùn. Ó sùn. Kí ọdún náà tó parí, àwọn òbí kò mọ ọmọ wọn mọ́. Ìbéèrè wọn ni pé, "Kí ni ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?" Ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé ilé ẹ̀kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sí ilé ìsìn. Ohun tí ó kù jẹ́ iṣẹ́ ọmọ náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní àwọn ọdún 1970 mọ̀ pé ọgbà lè yí ọwọ́ padà. Ní àkókò náà ni ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ògiri kò kúrò níbi tí ó wà, pátákó ẹnubodè kò sì yí padà lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí a ń fi àṣẹ ṣe tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí ẹni tí ó bá fẹ́ ń ṣe. Ẹni tí ó ti sọ ọ́ di tirẹ̀ ń bá a lọ. Ẹni tí ó jẹ́ pé agogo nìkan ni ó ń gbé e dìde jókòó sílé.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lè ṣe? A dá ohun mẹ́ta lábàá. Èkíní, kí ó ní wákàtí kan lójúmọ́, ìbáà jẹ́ ìdajì wákàtí, tí agogo kò lù fún, tí ẹnikẹ́ni kò sì sàmì sí, tí yóò fi ka Bíbélì kí ó sì gbàdúrà. Èkejì, bí iyè méjì bá wọ inú rẹ̀ nípa ìgbàgbọ́, kí ó má ṣe gbé e pamọ́ sábẹ́ orin ìyìn. Kí ó tọ àlùfáà ilé ẹ̀kọ́ lọ, kí ó sọ ọ́ bí ó ti rí. Ọmọ tí ó béèrè ìbéèrè òtítọ́ sún mọ́ Ọlọ́run ju ọmọ tí ó dáhùn irọ́. Ẹ̀kẹta, kí ó yẹ ara rẹ̀ wò nígbà ìsinmi. Ohun tí ó bá ń ṣe nílé láìsí àṣẹ ni ohun tí ó ti di tirẹ̀.

4. Àdúrà kì í gba ipò ìwé

Dáníẹ́lì kò fi ààwẹ̀ rọ́pò ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ọba fúnra rẹ̀ ni ó dán wọn wò, ó sì rí i pé wọ́n ta àwọn amòye rẹ̀ yọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ọlọ́run ni ó fún wọn ní ìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ kẹtàdínlógún ti wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jókòó ti ìwé ni ó fún.

A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi ọdún kìíní ṣeré, wọ́n ní àwọn yóò tún un ṣe bí ó bá yá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa, máàkì 70 sókè jẹ́ A, tí í ṣe 5; 60 sí 69 jẹ́ B, tí í ṣe 4; 50 sí 59 jẹ́ C, tí í ṣe 3; bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ̀kalẹ̀ títí dé F, tí kò ní nǹkan kan. A ń sọ èyí di púpọ̀ pẹ̀lú yúnìtì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a sì ń pín àpapọ̀ rẹ̀ láti ọdún kìíní dé ìparí. Òun ni CGPA. Kí a sọ pé ọmọ kan ń ṣe yúnìtì 40 lọ́dún fún ọdún mẹ́rin. Ó ṣeré ní ọdún kìíní, ó gba 2.00. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là, ó sì gba 4.50 ní ọdún mẹ́ta tí ó kù. Ọdún kìíní fún un ní 80, ọdún mẹ́ta fún un ní 540. Àpapọ̀ jẹ́ 620. Bí a bá fi yúnìtì 160 pín in, 3.88 ni yóò kù. Ipò kìíní bẹ̀rẹ̀ láti 4.50. Ọmọ yìí ṣe iṣẹ́ ipò kìíní fún ọdún mẹ́ta gbáko, síbẹ̀ apá òkè ipò kejì ni yóò gbà, nítorí ọdún kan tí ó rò pé kò já mọ́ nǹkan. Ààwẹ̀ kì í pa ìṣirò dà.

5. Bí a ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ aláṣẹ

Ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni ní òfin púpọ̀, òmíràn nínú wọn yóò sì dà bí ẹni pé ó le jù lójú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Dáníẹ́lì fi ọ̀nà hàn wá. Ó fi ọ̀wọ̀ bá olórí àwọn ìwẹ̀fà sọ̀rọ̀. Olórí náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọba bà á. Dáníẹ́lì kò bínú, kò dìtẹ̀, kò sì jẹun ọba ní ìkọ̀kọ̀ tàbí kí ó dà á nù ní ìkọ̀kọ̀. Ó tọ alábòójútó tí ó súnmọ́ wọn lọ, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ó mú ìbéèrè tí ó ṣeé gbà wá, ó dá ọjọ́ fún un, ó sì gbà kí a fi ojú rí àbájáde rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ìhín yìí ni ẹ̀kọ́ tiyín wà. Bí ọmọ bá pè yín pé yàrá kò dára, tàbí pé olùkọ́ kan kò ṣe dáadáa sí òun, ẹ má ṣe sáré tẹ ọ̀gá àgbà yunifásítì láago lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ bi í léèrè pé, "Ta ni o ti bá sọ̀rọ̀? Báwo ni o ṣe sọ ọ́?" Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ alábòójútó ilé ìgbé tàbí olùkọ́ tí a fi ṣe agbaninímọ̀ràn rẹ̀. Àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá kan ìlera, ààbò tàbí ìwà ìbàjẹ́: nígbà náà, ẹ dìde lọ́gán, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ìjọ dí yín lẹ́nu.

6. Àwọn mẹ́ta tí ó kù

Dáníẹ́lì kò dá dúró. Hananáyà, Míṣáẹ́lì àti Asaráyà wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ikú dé ní orí kejì, ó lọ sí ilé, ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ bẹ Ọlọ́run. Wọn kì bá tí lè jọ gbàdúrà lọ́jọ́ ewu bí wọn kò bá ti jọ jẹ ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ẹni tí ọmọ yóò bá rìn kò pọ̀ láti yàn nínú wọn, ìjà kò sì ní ibi tí yóò sá sí. Ẹni tí a bá jà ní àárọ̀ ni a ó tún bá pàdé nílé oúnjẹ lọ́sàn-án. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun má ṣe kánjú yan ọ̀rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní nítorí ìdánìkanwà. Àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n lè bá a wí láìsí ìbínú tó.

7. Àjàyí ní Fourah Bay

Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí a sọ pé kò pé mẹ́wàá ní Fourah Bay, ọmọ Yorùbá kan wà níbẹ̀. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó Àjàyí ní Òṣogùn. Ní ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì gbé e dé Freetown. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó sì gba orúkọ titun, Samuel Crowther. Kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ wà láàyè. Bí Dáníẹ́lì, ó wà ní ilẹ̀ àjèjì pẹ̀lú èdè titun àti orúkọ titun.

Kí ni ó fi ẹ̀kọ́ náà ṣe? Ó kọ́ ìwé àwọn tí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sọ èdè ìyá rẹ̀ nù. Ní ọdún 1843, ọdún náà gan-an tí a fi í joyè àlùfáà, ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ní ọdún 1846 ni ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Ní ọdún 1864 ni ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Láti inú kíláàsì kékeré kan ni ó ti dìde. Títóbi ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ni ó gbé e ga. Ohun tí a kọ́ ọ ti di tirẹ̀, ó sì gbé e dé ibi tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò lè bá a dé.

8. Ọ̀rọ̀ ìyànjú

Ẹ̀yin òbí, owó gọbọi ni ẹ ń san, a sì mọ ohun tí ẹ ń tà kí ẹ tó rí i san. Ṣùgbọ́n owó ilé ẹ̀kọ́ kò ra ìwà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nígbà tí ẹ bá ń pè é, ẹ má ṣe dúró lórí "Ṣé o ti jẹun?" nìkan. Ẹ béèrè ohun tí ó kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, ohun tí ó ṣòro fún un, àti ohun tí ó yàn fúnra rẹ̀. Kí ó tó lọ, ẹ fún un ní àṣẹ díẹ̀ lórí àkókò àti owó rẹ̀ nínú ilé, kí ó lè kọ́ bí a ti ń pinnu nígbà tí ẹ ṣì wà nítòsí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kan bá wà ní yunifásítì tí ó wà ní ìlú tí ẹ ń gbé, ẹ wá a lọ. Ẹ pè é wá jẹun ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ọmọ tí ó bá rí àgbàlagbà tí ó ṣì ń gbàdúrà ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí agogo ti dákẹ́ yóò gbà gbọ́ pé ó ṣeé ṣe.

Ẹsẹ tí ó kẹ́yìn nínú orí tí a kà sọ pé Dáníẹ́lì wà níbẹ̀ títí di ọdún kìíní ọba Kírúsì. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta náà ti parí tipẹ́. Ọba tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ti kú, ìjọba Bábílónì fúnra rẹ̀ ti ṣubú. Dáníẹ́lì ṣì dúró, pẹ̀lú ìpinnu tí ó ṣe ní ọdún kìíní.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Nínú àwọn ohun rere tí a ń ṣe, èwo ni a ó máa ṣe bí kò bá sí ẹni tí ó ń wò wá?
2. Kí ni ohun kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gbọ́dọ̀ kọ̀, kí sì ni àwọn ohun tí ó lè gbà láìba ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ jẹ́?
3. Báwo ni òbí ṣe lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dá sí ọ̀rọ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí òun jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀?
4. Ta ni ọmọ wa lè sọ iyè méjì rẹ̀ fún láìbẹ̀rù?

Kí Ọlọ́run tí ó pa ọkàn Dáníẹ́lì mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì pa ọkàn àwọn ọmọ wa mọ́, nínú ọgbà àti lẹ́yìn ọgbà. Àmín.